Láptọ́ọ̀pù Tó Ti Ń Fà: Ṣé Ká Tún Un Ṣe, Àbí Ká Ra Òmíràn?

Bí láptọ́ọ̀pù bá ti ń lo ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ṣí tán, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé "ó ti gbó, ẹ lọ ra òmíràn." Ẹlòmíì á ní "ẹ kàn fi RAM kún un ni." Àwọn méjèèjì lè tọ̀nà, àwọn méjèèjì sì lè ná yín lówó gbé. Gbogbo ara kọ̀ǹpútà kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà kan á ti rẹ̀, òmíràn á ṣì le koko, ẹ̀yà tó rẹ̀ yẹn á sì máa fa ìyókù sẹ́yìn. Òun la gbọ́dọ̀ dá mọ̀ kí owó tó jáde lápò.

Ẹ̀yà mẹ́ta ló kàn wá jù. Ẹ wo ọlọ́jà kan nínú sọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀yìn sọ́ọ̀bù tó ń kó ẹrù sí ni háàdì díìsìkì tàbí SSD: ibẹ̀ ni gbogbo fáìlì yín ń sùn. Àtẹ iwájú ni RAM: ohun tí ẹ ń lò lọ́wọ́ nìkan la ń pa síbẹ̀, bí ẹ bá sì ti pa kọ̀ǹpútà, àtẹ ti tú nìyẹn. Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ni processor, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí àtẹ bá kéré, ọlọ́jà á máa sáré lọ sẹ́yìn lemọ́lemọ́. Bí ẹ̀yìn bá jìnnà, gbogbo ìrìn náà á pẹ́. Bí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ bá sì ti darúgbó, àtẹ tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù kò lè sọ ọ́ di ọ̀dọ́.

Ibo ló ti ń dùn ún?

Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń fà lójú yín gan-an ni kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager á yọjú. Ẹ bọ́ sí Performance. Ẹ wo CPU (ọpọlọ), Memory (RAM) àti Disk.

Bí Disk bá dúró sí 100%, tí CPU kò sì kọjá 20%, ẹ̀yìn sọ́ọ̀bù ló jìnnà. Windows fúnra rẹ̀ máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá HDD (háàdì díìsìkì) ni àbí SSD. Bí Memory bá ń kọjá 85% pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́, àtẹ ló kéré. Ẹ ṣọ́ra níbí o: bí àtẹ bá ti kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sórí díìsìkì, Disk náà á sì gòkè. Ẹni tí kò wo Memory á lọ dá díìsìkì lẹ́bi lórí ẹ̀ṣẹ̀ RAM.

Bí CPU ló bá dúró sí 100%, ẹ lọ sí Processes kẹ́ ẹ rí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Nígbà míì, antivirus méjì tó ń bá ara wọn jà ni, tàbí Windows Update tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ tún wo Speed lábẹ́ CPU. Bí iṣẹ́ bá wúwo tí Speed kò sì kọjá 1GHz, ẹnì kan ń fún ọpọlọ yẹn lọ́rùn. Ó lè jẹ́ ooru: eruku ti dí fáànù, thermal paste tó wà láàárín ọpọlọ àti irin tó ń gba ooru ti gbẹ. Ó sì lè jẹ́ ṣájà. Láptọ́ọ̀pù Dell, bí àpẹẹrẹ, máa ń mọ̀ bóyá ṣájà tí ẹ kì bọ̀ ọ́ jẹ́ tiẹ̀. Bí kò bá dá a mọ̀, á mọ̀ọ́mọ̀ dín eré ọpọlọ kù. Àwọn kan ti ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí ṣájà ayédèrú. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí RAM tàbí SSD, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù ná, kẹ́ ẹ sì fi ṣájà tòótọ́ dán an wò.

Háàdì díìsìkì ló sábà máa ń jẹ̀bi

Inú háàdì díìsìkì àtijọ́ ní àwo kan tó ń yí, 5,400 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, àti apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wá nǹkan kiri lórí àwo náà. Bí fáìlì bá gùn tó sì wà lójú kan, ó lè kà tó 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Windows bá ń ṣí, fáìlì wẹ́wẹ́ tó fọ́n káàkiri ló ń kà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Apá yẹn á máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, eré rẹ̀ á sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1MB. SSD kò ní àwo, kò ní apá. Ibi gbogbo lórí rẹ̀ sún mọ́ ọn bákan náà. Èyí tó ń lo ọ̀nà SATA ń kà tó 500MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ń lo NVMe sì lè kọjá 3,000MB.

Ẹ má jẹ́ kí 3,000MB yẹn tàn yín. Ẹni tó bá kúrò lórí háàdì díìsìkì bọ́ sórí SATA SSD á rò pé wọ́n bá òun pààrọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tó bá kúrò lórí SATA lọ sí NVMe, tó sì jẹ́ Word, Chrome àti Excel ló ń lò, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ra SSD tí kò wọlé ni ọ̀rọ̀ ìrísí. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni 2.5-inch, tó nípọn 7mm, tó sì ń wọ ojú ibi tí háàdì díìsìkì ti jáde. Èkejì ni M.2 2280, pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní 22mm tó sì gùn ní 80mm, tó dà bíi bébà chewing gum. M.2 yìí ló léwu, nítorí pé SATA wà nínú rẹ̀, NVMe náà wà nínú rẹ̀, ojú wọn sì jọra. Bí ojúhò M.2 kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ ti SATA nìkan, NVMe tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́ á jókòó síbẹ̀, kò ní hàn rárá. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú gígé tó wà létí rẹ̀. Ẹ wá ìwé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín gbé jáde, ẹ kọ orúkọ àwòṣe rẹ̀ pé pérépéré, kẹ́ ẹ ka ohun tó sọ nípa M.2. Bó bá jẹ́ 2.5-inch lẹ fẹ́ fi sínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó bá M.2 wá, ẹ ṣí i wò ná: wáyà àti férémù tó ń di díìsìkì mú sábà máa ń ti sọnù, ẹ ó sì rà wọ́n lọ́tọ̀.

Ayédèrú SSD pọ̀ lọ́jà. Ó lè kọ 1TB sí i lára, Windows á sì rí 1TB, bẹ́ẹ̀ 64GB ló wà nínú rẹ̀ ní ti gidi. Ní kété tí ẹ bá kọ nǹkan kọjá ibẹ̀, fáìlì tuntun á máa jẹ ti àtijọ́. Ètò kan tó ń jẹ́ H2testw máa ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀: ó ń kọ ọ̀rọ̀ kún díìsìkì náà dẹ́nu, á sì kà á padà bóyá ó pé. Kí ẹ ṣe é kí ọjọ́ tí ọlọ́jà fi gbà láti pààrọ̀ ọjà tó kọjá.

Ní ti Windows fúnra rẹ̀, ẹ lè da gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì àtijọ́ kọ sórí tuntun pẹ̀lú Clonezilla, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n fún kọ̀ǹpútà tó ti pé ọdún márùn-ún lọ́wọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Pàǹtí ọdún márùn-ún kò yẹ lẹ́ni tó ń kó sí ilé tuntun. Ẹ fi Media Creation Tool, ètò Microsoft tó ń gbé Windows sórí flash, ṣe flash tó tó 8GB, ẹ kó àwọn fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn, kẹ́ ẹ fi Windows tuntun sórí SSD. Bó bá jẹ́ pé ojúlówó ni Windows tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ara bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ni àṣẹ rẹ̀ so mọ́, kì í ṣe ara díìsìkì. Bí ẹ bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á jí fúnra rẹ̀, bí ẹ bá ti fi irú kan náà sí i, Home fún Home, Pro fún Pro. Bí BitLocker, ètò Windows tó ń ti fáìlì orí díìsìkì pa, bá wà lórí rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ìgbàpadà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Láìsí nọ́ńbà yẹn, fáìlì ti lọ.

RAM, àti bí a ṣe ń kì í

Lábẹ́ Memory nínú Task Manager, ẹ wá ibi tó kọ "Slots used". Bó bá kọ 1 of 2, àyè kan ṣófo. Bí Form factor bá kọ SODIMM, ó ṣeé yọ. Bó bá kọ Row of chips, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ́dà rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. MacBook Air àti ThinkPad X1 Carbon wà lára irú èyí: RAM tó bá wọn wá ni wọ́n máa bá lọ.

4GB kò tó ẹnikẹ́ni mọ́. 8GB á gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì àti íntánẹ́ẹ̀tì. 16GB ló yẹ ẹni tó ń ṣí ojú ìwé Chrome ogún lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tó ń lo Photoshop. Kí ẹ tó ra 32GB, ẹ jẹ́ kí Task Manager fi hàn yín pé 16GB ti kún.

RAM wà ní ìran-ìran, wọn kì í sì í bára wọn wọ. DDR3L ní etí 204, DDR4 ní 260, DDR5 ní 262, ojú gígé wọn kò sì sí lójú kan náà. Bí ọwọ́ yín bá ń fipá tì í, ohun tí ẹ mú kọ́ ni. Láàárín ìdílé DDR3 gan-an, aáwọ̀ wà: DDR3 lásán ń lo 1.5V, DDR3L ń lo 1.35V, láptọ́ọ̀pù Intel ìran kẹrin tí orúkọ ọpọlọ rẹ̀ parí sí U kò sì fẹ́ ju DDR3L lọ. Bí ẹ bá fi DDR3 lásán sí i, ojú dúdú lẹ máa rí. Ní ti DDR4, èyí tí eré rẹ̀ kọjá ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbà kì í ba nǹkan jẹ́. Á kàn rọra dín eré ara rẹ̀ kù ni.

Ṣíṣí i kò le, bí ẹ kò bá kánjú. Ẹ di Shift mú bí ẹ ṣe ń tẹ Shut down, kí Windows lè kú pátápátá, nítorí pé èyí tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ máa ń fi apá kan rẹ̀ sílẹ̀ lójú oorun. Ẹ yọ ṣájà. Ẹ tú ṣúkúrù ìdí rẹ̀ sínú àwo tíì, kẹ́ ẹ tò wọ́n bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n, nítorí pé gígùn wọn lè yàtọ̀. Ṣúkúrù gígùn tó bá wọ ojúhò kúkúrú lè gún kíbọ́ọ̀dù jáde. Bí ìdí rẹ̀ bá ti ṣí, wáyà bátìrì lẹ kọ́kọ́ máa fà yọ, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù lára rẹ̀ tán. Ẹ fọwọ́ kan irin kan kí iná ara yín lọ sílẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Irin wẹ́wẹ́ méjì ló di RAM mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á gbórí sókè fúnra rẹ̀. Ẹ dá tuntun ní ìdagun, ẹ kì í wọlé títí etí wúrà rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ tán, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí irin méjèèjì á fi dún "kà".

Bí ẹ bá tan án tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ má tíì fòyà. Ó lè gbà á ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì láti mọ RAM tuntun. Bí iná Caps Lock bá ń ṣẹ́jú tàbí tó ń ké, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún un kì. Ó sábà máa ń jẹ́ pé kò wọlé dáadáa ni.

Ọpọlọ ni ààlà

Èyí tí ẹ kò lè pààrọ̀ nìyí. Nínú láptọ́ọ̀pù òde òní, wọ́n ti sọ́dà ọpọlọ mọ́ bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ọjọ́ orí ọpọlọ ni ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà.

Bí a ṣe ń ka ọjọ́ orí Intel rèé: nọ́ńbà tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé àmì dáàṣì ni ìran rẹ̀, tàbí méjì àkọ́kọ́ bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1. i5-4300U jẹ́ ìran kẹrin, i5-6300U ìran kẹfà, i5-8350U ìran kẹjọ, i5-10210U ìran kẹwàá, i7-1165G7 ìran kọkànlá. Ọ̀rọ̀ "i7 dára ju i5" ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn ra òkú ọjà. i7-6600U ní ojú iṣẹ́ (core) méjì péré nínú ọpọlọ rẹ̀. I5-8350U tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní mẹ́rin. Ìran kẹjọ, tó jáde ní 2017, ni Intel ti sọ ti àwọn láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di mẹ́rin, ìyàtọ̀ yẹn kì í sì í ṣe èyí tí RAM lè dí.

Ìran kẹjọ yìí náà ni Windows 11 fi ṣe ẹnu ọ̀nà, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí wọ́n ṣíjú àánú wò. Ó tún ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà), RAM 4GB àti àyè 64GB. Ní October 14, 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10. Ètò àfikún kan wà fún aráàlú, ESU, tó dé October 2026. Ẹ lè san 30 dọ́là, tàbí kẹ́ ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá fi àkáùntì Microsoft yín so ètò kọ̀ǹpútà náà mọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí Windows 10 kò kú o. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Windows 7: January 2020 ni Microsoft fi í sílẹ̀, Chrome náà sì pa á tì ní 2023. Ohun tí ẹ ń lò á máa já yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó sọ pé kọ̀ǹpútà yín kò gba Windows 11, ẹ wọ BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó ṣí, kẹ́ ẹ wo TPM. Nínú àwọn Intel, orúkọ rẹ̀ lè jẹ́ PTT. Ó lè wà níbẹ̀ láìtàn. Ètò kan tó ń jẹ́ Rufus lè fi Windows 11 sórí kọ̀ǹpútà tí kò kúnjú òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n Microsoft kò jẹ́jẹ̀ẹ́ àtúnṣe kankan fún un. Fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣòwò, a ò gbà á níyànjú. Fún ọmọ ilé ìwé tó ń fi í kọ iṣẹ́, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, lórí SSD á fún un ní ọdún mélòó kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó lórí tábìlì

Ẹ kọ iye gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà yín nílò: SSD, RAM, bátìrì, ṣájà, owó iṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta, nítorí pé dọ́là ló ń darí iye wọn, iye àná kì í ṣe toní. Láti ìparí 2025, iye RAM ti fò sókè gan-an káàkiri ayé, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ AI ń gbá gbogbo chip lọ. Ẹni tó ń sọ pé "RAM kò wọ́n" ń sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́. Bí àpapọ̀ náà bá ti kọjá ìdajì owó tòkunbọ̀ ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ tún wo ohun tó lè bá yín lọ. SSD ṣeé yọ fi sínú kọ̀ǹpútà tó ń bọ̀. RAM DDR4 lè ṣí láti láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà lọ sí ìran kẹjọ tàbí kẹwàá. DDR3L kò ní ibi tó ń lọ, bátìrì àti ojú kọ̀ǹpútà náà kò ní. Ìmọ̀ràn wa lórí ìran kẹrin sísàlẹ̀ nìyẹn: SSD 2.5-inch nìkan, kó má sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìran kẹfà àti keje: SSD, àti RAM tó dé 8GB, tàbí 16GB bí ẹ bá rí tòkunbọ̀ DDR4 tó dára, RAM kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó bí díìsìkì ṣe ń gbó. Ìran kẹjọ sókè, tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá ṣì dá ṣáká: ẹ tún un ṣe láìwẹ̀yìn.

Bí rírà bá sì kàn, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "tuntun nínú páálí" wú yín lórí. Láptọ́ọ̀pù tuntun olówó pọ́ọ́kú tó ní Celeron N4020, RAM 4GB tí wọ́n sọ́dà mọ́ bọ́ọ̀dù àti eMMC (ibi ìkó-fáìlì) 64GB, ti di àgbàlagbà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí páálí rẹ̀. ThinkPad T480 tàbí EliteBook 840 G5 tòkunbọ̀ á yọ ọ́ sílẹ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àwọn méjèèjì yìí pẹ̀lú ìran keje náà, ẹ ka nọ́ńbà ọpọlọ nínú Task Manager, kì í ṣe lára sítíkà. Sítíkà ṣeé lẹ̀.

Ní Computer Village, Ìkẹjà, tàbí ibikíbi tí ẹ bá ti ń rà á, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin lójú ọlọ́jà. Ẹ kọ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt; á gbé ìwé kan jáde tó ní Design capacity àti Full charge capacity. Bí èkejì bá ti wálẹ̀ sí ìdajì èkíní, ẹ fi owó bátìrì kún ìnáwó yín. Ẹ wọ BIOS kẹ́ ẹ rí i pé kò béèrè password. Ẹ ṣí ètò CrystalDiskInfo kẹ́ ẹ wo ìlera díìsìkì. Èkẹrin ni àwọn èèyàn kì í ṣe: ẹ ní kí wọ́n fi Windows tuntun sí i lójú yín, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lákòókò náà. Bí ojú ìwé ilé iṣẹ́ kan lókè òkun bá yọ tó ń béèrè ímeèlì òṣìṣẹ́ wọn, ilé iṣẹ́ yẹn ṣì di kọ̀ǹpútà náà mú, á sì máa tẹ̀ lé e nígbàkúùgbà tí ẹ bá tún Windows fi sí i.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì rọrùn jù: RAM, díìsìkì, àní ọpọlọ nígbà míì, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé pààrọ̀. Ibi tó ti ń dùn ún ni power supply. Àwọn Dell OptiPlex àti HP kékeré máa ń lo èyí tí kò bá ti ẹlòmíràn mu, agbára rẹ̀ kì í sì í gbé káàdì àwòrán ńlá.

Díìsìkì àtijọ́ tí ẹ yọ, ẹ má fi ta tọrọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe wà. Fáìlì tí ẹ kàn tẹ Delete fún ṣì wà lórí rẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ lásán sì lè kó o padà, títí kan ìwé báńkì yín. Ẹ fi í sínú àpótí USB tó ń so díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, ẹ tẹ-ọ̀tún sórí rẹ̀ nínú Windows, ẹ yan Format, kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò níwájú Quick Format. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Bó bá ti parí, ẹ lè máa fi kó àwòrán pamọ́, bí ẹ bá ti ní ẹ̀dà wọn síbòmíràn, torí díìsìkì tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́jọ kì í dágbére kó tó lọ.